Ohun Tí A Bá Lábẹ́ Lọ́rì Bàbá

Ẹ̀yìn Ilé Epo,
Ikpoba Hill,
Ìlú Bìní,
Ìpínlẹ̀ Ẹdó.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta, 2024.

Tóyọ̀sí, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ilé? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ara Màmá le, ẹnu wọn ló tún wá le jù. Mo mọ̀ pé o kì í fẹ́ ka lẹ́tà tí orúkọ Bàbá bá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má fa èyí ya. Ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, àyà mi ò tíì wálẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ṣé o rántí bọ́lẹ́kájà Bàbá tó wà lẹ́yìn ilé, tí adìyẹ ń yé sínú rẹ̀? Mo ti ń tún un ṣe, kí n lè máa fi kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ekiadolor. Ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, a sì ti kan pákó tuntun sí i. Àmọ́ ó ń dà sí ọ̀tún bí ẹni tó ru ẹrù láìní òṣùká. Èmi ní ká ṣáà ra sípíríǹgì tuntun, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì mi, ọmọ Bìní kan tó ń jẹ́ Osagie, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ta ló ń ra bàtà láìmọ ìwọ̀n ẹsẹ̀? Ó fi jáàkì gbé lọ́rì sókè, ó tú sípíríǹgì ẹ̀yìn méjèèjì, ó to àwọn irin pẹlẹbẹ inú wọn sílẹ̀, ó wá ń fi òòlù kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ṣì lágbára á dún gooro. Mẹ́ta lápá ọ̀tún dún gbì bíi pákó. Osagie fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan, ó wọ́, kò sì padà sípò mọ́.

“Oga, this one no be spring o!” ló pariwo. “Na ordinary iron! Who do this kain thing?”

Ẹnì kan ti yọ ojúlówó mẹ́ta, ó fi irin lásán dí àyè wọn, ó sì fi gírísì bò ó. Mo ti ń ṣépè fún gbogbo mẹkáníìkì àtijọ́ nígbà tí Màmá jáde láti ilé ìdáná. Bí wọ́n ṣe rí irin nílẹ̀, wọ́n káwọ́ lérí. Wọ́n ní kí n má ṣépè mọ́, pé Bàbá ni.

Bàbá wa, Tóyọ̀sí! Awakọ̀ tí kì í gbé èrò kan ṣoṣo lé iye tó yẹ!

O mọ àṣà wọn. Ọmọ tó bá ń kúrò nílé, ọkùnrin o, obìnrin o, wọ́n á fún un ní àdá. Wọ́n á ní, “Irin tó bọ́ yín ni kí ẹ mú lọ.” Àwọn ará àdúgbò a máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé ìyàwó ilé wa ń gbé àdá lọ sílé ọkọ. Àwa mẹ́ta tó ṣáájú rẹ gba tiwa, a rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Àṣé irin lọ́rì gan-an ni wọ́n ń gbé lọ fún alágbẹ̀dẹ! Àdá tí mo fi ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ láràárọ̀, sípíríǹgì ni! Inú lọ́rì yẹn la sì ń wọ̀ lọ Iléṣà ní gbogbo Kérésìmesì, tèrò tewúrẹ́.

Nígbà tó kàn ọ́, Bàbá ò fún ọ ní nǹkan kan. O ní torí pé wọn ò fẹ́ràn ọkọ rẹ ni, gbogbo wa sì gbà bẹ́ẹ̀. O ò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Níbi ìsìnkú wọn pàápàá, o ò sunkún, o ní wọn ò kà ọ́ kún ọmọ.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá ní Bàbá ti yọ tìrẹ lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó rẹ, wọ́n tiẹ̀ fi fáìlì gé lẹ́tà T sí i lára. Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, wọ́n kó èrò, wọ́n ń wa lọ́rì sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ikpoba. Ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, díẹ̀ ló kù kí gbogbo wọn bá odò lọ. Bàbá wálé, wọ́n dá irin náà padà sábẹ́ lọ́rì, wọ́n ní àwọn ò tún ní yọ òmíràn láé. Ojú wá ń tì wọ́n láti sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, torí ẹni tó bá sọ ti ìkẹrin gbọ́dọ̀ sọ ti mẹ́ta àkọ́kọ́. Wọ́n yàn kí o kórìíra àwọn. Wọ́n sì mú Màmá búra.

Mo bínú sí Màmá débi pé mi ò lè jẹun. Wọ́n kàn ní, “Oyèlékè, mo búra pé mi ò ní sọ. Irin ló sọ ọ́.” Wọ́n ṣáà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Osagie nu gírísì kúrò lára àwọn tó ṣẹ́kù. T wà níbẹ̀. Mo sunkún lójú mẹkáníìkì, kò sì tì mí lójú.

A ti ra sípíríǹgì o. Ẹni tó ń tà á fẹ́ gbé èyí tó nípọn gan-an fún wa, Osagie ní èyí tó bá le jù máa ṣẹ́ lọ́rì lẹ́yìn ni. Èyí tí fífẹ̀ rẹ̀, ihò rẹ̀ àti títẹ̀ rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu ló mú. Lọ́rì ti dúró ṣánṣán. Ó ní irin T yẹn ṣì dára, ká dá a padà sábẹ́ ọkọ̀. Mo ní láéláé. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, mo sì kìlọ̀ fún un kó má pa lẹ́tà náà rẹ́.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Kí ọkọ rẹ dáadáa, kí o sì sọ fún un pé Bàbá ò bá a jà rí. Àdá rẹ wà lórí àga Bàbá, Màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mi ò ní fi rán ẹnikẹ́ni sí ọ, torí Bàbá kì í fi àdá ránṣẹ́ sọ́mọ. Wálé wá gbà á.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ẹnu ṣì ń yà,
Oyèlékè.