Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Tí Mo Fún Ní Gírísì

Ọmọ mi Aláròyé,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ tí kì í sọ̀rọ̀ (ìwọ lo gba gbogbo ọ̀rọ̀ inú ilé lọ́wọ́ rẹ̀), mo kí àwọn ọmọ. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn yóò máa ṣọ́ tiyín tó ní àgádágodo lórí àgádágodo. Bí o bá wo ìwé yìí tó dà bíi pé adìẹ ló kọ ọ́, má bú adìẹ, èmi bàbá rẹ ni. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́. Ọ̀tún wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló fi sí i, èmi fúnra mi ni.

Ilé dára. Òrùlé yàrá rẹ kò jò mọ́. Àbúrò mi obìnrin àti alájọgbé rẹ̀ tún jà nítorí ìgbálẹ̀, ìjà náà sì parí nígbà tí ìgbálẹ̀ sọnù.

O mọ ilé ohun àtijọ́ tí àwọn akọ̀wé ń pè ní mùsíọ́mù. Láti ìgbà tí màmá yín ti fi wá sílẹ̀, tí mo sì ti pa ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe tì, ibẹ̀ ni mo ń lọ láàárọ̀. Iṣẹ́ àfínnúfíndọ̀ ni wọ́n pè é. Mo rò pé wọ́n ń bá mi tọ́jú owó oṣù mi pamọ́ síbì kan, àfìgbà tí ọ̀gá wa obìnrin ṣàlàyé pé ibì kankan kò sí. Wọ́n fún mi ní tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwọn nǹkan tí àlejò lè fọwọ́ kàn ló wà lórí rẹ̀: ọlọ kékeré, fìtílà bàbà, àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ irin tí wọ́n fi ń de àwọn èèyàn tí wọ́n ń tà láyé ijọ́un. Iṣẹ́ mi ni kí n gbé nǹkan lé àlejò lọ́wọ́, kó wò ó, kó sọ ohun tó rò, kí èmi sì dákẹ́ títí tó fi máa rò ó tán. Ìwọ náà mọ bí ìyẹn ṣe le fún mi tó. Kámẹ́rà kan wà lókè àjà tó ń wò wá. Àràárọ̀ ni mo ń kí i, tí mò ń béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, torí mi ò mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó lè jẹ́ àgbà.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yẹn ti dógùn-ún débi pé ẹnu rẹ̀ kì í pa dé. Àlejò á gbé e, á ní irin lásán ni, á gbé e sílẹ̀. Ara mi ò sì gba kí n máa wo irin tí kì í yí. Mo bá mú gírísì kẹ̀kẹ́ wá nínú àpò, mo ń fún un mu díẹ̀díẹ̀. Mi ò sọ fún ọ̀gá, torí ó ti kìlọ̀ pé a kì í fi nǹkan kan pa nǹkan kan lára níbẹ̀. Láàárọ̀ òní, ó ti ń ṣí, ó ti ń pa dé bí ẹnu àbúrò mi.

Télọ̀ kan tó wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ọmọdé lásán á yọ ọwọ́ kúrò nínú rẹ̀. Mo ní kó wò mí. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó dún kàá. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Mo wá fà á, kò wá. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù kí wọ́n tó bí bàbá mi.

Ọ̀gá sáré dé, ó da ọṣẹ sí i, ó da omi sí i. Ọwọ́ wú. Ó ránṣẹ́ pe wẹ́dà tó ń gé irin, ṣùgbọ́n irin náà kì í ṣe ti ọ̀gá tó fi máa ní kí wọ́n gé e. Ti ọ́fíìsì ńlá tó wà nílùú yín ni, irú rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní. Ọ̀gá pè wọ́n, wọ́n ní kó ya fọ́tò ránṣẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ bọ́jú. Wọ́n dáhùn pé irin náà dára gan-an. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ọwọ́. Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n pè wá fọwọ́ kan àwọn ìka mi, ó ní wọ́n ti tutù, àti pé bó bá fi di ìrọ̀lẹ́, òun ò lè ṣèlérí pé wọ́n á yè.

Àlejò ò yéé wọlé. Ìyá kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ dání dúró níwájú mi, ó ní, “Bàbá, ṣé ó ń dùn yín?”

Aláròyé, wọ́n ti bi mí ní ọjọ́ orí irin yẹn, wọ́n ti bi mí ní iye tó máa tà. Ẹnì kan ò bi mí ní èyí rí. Mo lanu kí n fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ò jáde. Mo ní, “Ó ń dùn mí. Àwọn tí wọ́n sì fi dè, wọn ò rí ẹni bi wọ́n.” Ìyá náà gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó tì mí. Télọ̀ ṣí fìlà.

Dúró ná, fóònù ń dún.

Ọ́fíìsì ńlá ni. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé e, onímọ̀ kan ń bọ̀ lọ́la, àti pé ẹni tó bá gé e, iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Ọ̀gá gbọ́ wọn dópin. Ó da ojú fóònù dé orí tábìlì, ó kọjú sí wẹ́dà tó ti ń dúró.

“Ẹ gé e. Bí wọ́n bá béèrè, èmi ni mo ní kẹ́ ẹ gé e.”

Wẹ́dà ti ń gé e bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ki aṣọ tútù sáàárín irin àti ara, ó ní kí n máa kọ̀wé kí n má baà wo ibẹ̀. Ọ̀gá di irin náà mú kó má baà gbọ̀n.

Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ nìyí. Ẹnu tí o fi ń bá mi jà nítorí ẹ̀wù tó dọ̀tí, gbé e lọ bá wọn lọ́fíìsì yẹn. Sọ pé bàbá rẹ ló fún irin ní gírísì, òun ló ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọ̀gá ò mọ nǹkan kan. Má fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ariwo ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kí o wá fi ẹ̀bẹ̀ parí rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n má dé ibi tábìlì yẹn mọ́, mo gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ibi tí n óò máa gbé àárọ̀ mi lọ. Ṣá ti jẹ́ kí obìnrin yẹn dúró síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún wẹ́dà, ayùn rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Má fi í sínú fóònù mọ́. Ti oṣù tó kọjá, mo ṣí ìdí fóònù, bátìrì nìkan ni mo bá. Mo gbọ̀n ọ́n títí. Fún awakọ̀ lọ́wọ́.

Irin ti já. Ọwọ́ mi wà lórí tábìlì níbí, mi ò tíì dá a mọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n mi ìka. Ìka kékeré ti mì. Àwọn tó kù ń rò ó.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o kó sínú ohun tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù. Bó bá sì ṣèèṣì ṣẹlẹ̀, irú ọ̀gá wa yìí ni kí o bá pàdé. Àṣẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, ọlọ́wọ́ òsì fúngbà díẹ̀.