Etíkun Tela Ni Mo Ń Rántí

Màmá mi, ẹ kú ilé o.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún mi ní Kánádà níbí, ó sì ń jinná. Ọmọ tuntun kan ló ń gbá bọ́ọ̀lù ní ipò mi láàárín pápá báyìí, kí n lè sinmi dáadáa. Inú mi dùn sí i.

Tí yìnyín bá bolẹ̀, etíkun wa ní Tela ni mo máa ń rántí. Bí mo bá ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn, Bàbá á pariwo látinú ọkọ̀ ìpẹja: "Eliseo, gbójú sókè! Ta lo ń gbá a fún?" Ẹ̀yin á ní, "Bàbá Eliseo, ẹ jẹ́ kọ́mọ wá jẹ búrẹ́dì àgbọn ná!"

Ẹ má jẹ́ kí Bàbá ta ọkọ̀ náà torí àtiwá wò mí. Bí àwọn ará ìlú bá bi yín pé ìgbà wo ni mo máa padà wọ ẹ̀wù bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa, ẹ ní ó kù díẹ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí Tomasa àbúrò mi, ẹ kí gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn.

Eliseo yín