Ènì Orí Iyanrìn

Màámi ọ̀wọ́n,

Kí Ọlọ́run máa fẹ́ atẹ́gùn tútù sí yín níbẹ̀. Ooru Sókótó ò tíì kọ́ ìwà láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Lánàá, aṣọ lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn láti Kofar Kware títí mo fi délé. Ara mi yá. Ọkàn mi ni ò balẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni mo sì lè rò ó fún tí ẹ ò ní sọ pé mo ti tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Runjin Sambo. Wọ́n mú obìnrin kan wá láti Ìbàdàn pé kó wá kọ́ àwa tíṣà ní ọ̀nà tuntun. Kò kọ nǹkan kan sójú bọ́ọ̀dù. Ó ní ṣíṣe la ó fi mọ̀ ọ́n: ká kó iyanrìn, omi, ìdérí ìgò àti àkísà sílẹ̀, káwọn ọmọ máa ṣeré, kí àwa jókòó tì wọ́n lórí ẹní, ká máa wo ohun tí ọjọ́ orí kálukú wọn lè gbé. Ẹ̀kọ́ dà níbẹ̀? Kí ló dé tó fi ń rẹ́rìn-ín sí wa tó bẹ́ẹ̀? Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé wọ́n fẹ́ lé wa ni, tí wọ́n á wá sọ pé eré là ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò bọ́ bàtà, mi ò jókòó. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí.

Ẹ má bá mi wí, ọwọ́ yín ni mo ti kọ́ ọ. Hajiya Mai Wake, bí gbogbo ọjà ṣe ń pe ẹ̀yin ẹlẹ́wà, ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọn ẹ̀wà fún yín rí láìjẹ́ pé ẹ gbé múdù, abọ́ ìwọ̀n rẹ̀, sókè, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Ẹ ó wá wo ojú ẹni tó ni ín. Ìfura loògùn àgbà, lẹ máa ń wí. Nígbà tí obìnrin Ìbàdàn yìí yọ múdù kékeré kan nínú àpò, tó gbé e sórí iyanrìn, ọwọ́ mi ti dé ìdí rẹ̀ kí n tó mọ̀. Ó wò mí. Mo gbé e padà sórí iyanrìn.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi, Sìkírátù, ọmọ ọdún mẹ́rin. Bí àwọn yòókù bá ń ka ení, èjì, tí wọ́n ń pariwo bí ẹni ń lé ẹyẹ, òun á pa ẹnu dé. Mo rò pé orí kunkun ni. Bàbá rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta bàtà, wá bá mi níjọ́ kan.

"Tíṣà, ọmọ yìí ò mọ ohun kan. Tó bá di Jímọ̀, mo máa fi í ránṣẹ́ sí ìyá mi nílé. Ẹ̀yin ń fi iyanrìn ṣeré."

Ohun tó wà nínú èmi náà ló sọ. Àmọ́ ìyá ọmọ náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò mí, omi wà lójú rẹ̀.

Nígbà tó kàn mí láti fi iṣẹ́ náà hàn, ọjà ni mo ṣe, torí ìyẹn ni mo mọ̀. Mo ní kí Sìkírátù ta ẹ̀wà, iyanrìn ni ẹ̀wà wa. Mo ní kó wọn múdù márùn-ún fún mi. Ó ń wọ̀n ọ́n, ètè rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn èyí tó ṣe ìkarùn-ún, ó tún bu díẹ̀ sí i. Lọ́kàn mi, mo ní ó tán, kò mọ iye.

"Márùn-ún ni mo ní o."

Ó wò mí bí oníbàárà tí kò mọ ọjà. "Márùn-ún nìyẹn. Ènì nìyí. Gyara ni." Ó fi Hausa tún ènì pè.

Mo fura pé ẹnì kan ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Mo béèrè mẹ́ta, mo béèrè méje. Kò ṣì í, ènì sì ń dúró lọ́tọ̀. Obìnrin Ìbàdàn tún rẹ́rìn-ín sí mi. Bóyá ó ti mọ̀ tipẹ́, mi ò mọ̀.

Ní Jímọ̀, bàbá Sìkírátù dé, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ibi tí mo dúró sí gan-an, tòun ti bàtà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ra ẹ̀wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Màámi, ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ ṣe? Ó gbé múdù yẹn sókè, ó tẹ ìdí rẹ̀. Ó wá ní òun ń fẹ́ mẹ́rin. Ó gba mẹ́rin. Sìkírátù tún bu díẹ̀ lé e.

"Kí lèyí?"

"Ènì ni, bàbá. Kí ẹ lè padà wá."

Ọkùnrin náà bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sórí ẹní. Sìkírátù ò lọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́.

Látìgbà yẹn, ẹ̀yin gan-an ni mo ń fura sí. Ẹ rántí pé ẹ máa ń fi mí sẹ́yìn àpò ẹ̀wà, ẹ ó fún mi ní ògbólógbòó múdù àti ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ, ẹ ó ní kí n má dí yín lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí èrò ṣe pọ̀ tó, ẹ ó yíjú sí mi, ẹ ó ra ọjà lọ́wọ́ mi, ẹ ó sì bínú bí n kò bá fi ènì sí i. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀ ń kọ́ mi ni? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Àárò yín ń sọ mí, Màámi, ó sì ń dùn mí pé mi ò rí yín bi.

Gbogbo ènì tí mo bù fún yín lẹ́yìn àpò yẹn, ṣé ẹ ò wá ní padà wá ni?

Èmi ọmọ yín, tí mo ṣì ń tẹ ìdí múdù.