Fèrè Tí Mo Fọn Lẹ́ẹ̀kejì

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ohùn. Mi ò mọ̀wé. Olùkọ́ àdúgbò ló ń bá mi kọ èyí. Ẹ má dárúkọ abúlé wa.

Awakọ̀ tírélà ni mí tẹ́lẹ̀, mò ń kó ẹrù láti ibi ìwakùsà nílùú Kitwe lọ sílùú Livingstone. Ọ̀gá wa kì í jẹ́ ká dúró lọ́nà. Tí mo bá ń kọjá lábúlé wa, màá fọn fèrè ọkọ̀, àwọn ọmọ mi méjèèjì á sáré sọdá odò wá sétí títì, wọ́n á juwọ́ sí mi. Bí mo ṣe ṣe bàbá nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, Choolwe nìkan ni mo rí. Mo rò pé Mutinta, àbúrò rẹ̀, ń sùn ni. Mo tún fèrè fọn kí n lè jí i. Ẹ̀yìn náà ni mo tó gbọ́ pé odò ti gbé e lọ níbi tó ti ń sáré bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìyá wọn ò bá mi sọ ọ́ títí ó fi kú.

Choolwe náà ti di awakọ̀ báyìí. Ó ń fọn fèrè fáwọn ọmọ rẹ̀, odò kan náà ni wọ́n ń sáré sọdá. Mo ní kó yéé fọn ọ́n.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Odò ti fà. Bàbá Fèrè làbíkẹ́yìn mi ń pè mí. Tí mi ò bá fọn ọ́n, ṣé kó máa pè mí ní àlejò ni?"

Òjò ti ṣú láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́, ṣé kí n gba fèrè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ fèrè náà nìkan làwọn ọmọ rẹ̀ ní ní bàbá?