Ìwé Ìpàdé Tí Mo Gé Ṣe Bátànì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Ẹ kú àárò wa. Ẹ bá wa kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ara Màmá ti mókun, wọ́n ti ń jẹun dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní purọ́ fún yín, mò ń jowú. Ìyàwó àbúrò wa lọ sípàdé káńsù, ó nawọ́ sókè, ó sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ omi sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Òun ni gbogbo àdúgbò ń kí. Wọ́n fún èmi náà níwèé ìpàdé ọ̀hún, àmọ́ mi ò kà á, mo ní ojú mi ò ríran dáadáa. Mo gé e ṣe bátànì apá aṣọ tí mo rán fún un. Apá aṣọ yẹn ló nà sókè lọ́hùn-ún!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi awò ojú ránṣẹ́ sí mi, kí n má tún fi àìríran ṣe àwáwí. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ìpàdé mìíràn ku ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti rán aṣọ tèmi, mo sì fẹ abíyá rẹ̀ dáadáa, kí ọwọ́ mi lè ga ju tìyàwó wa lọ.

Àbúrò yín, aránṣọ.