Mò Ń Bá Òkú Ṣorogún

Ilé Kejìlá,
Òpópónà Ilé-Ìtẹ̀wé Àtijọ́.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń sùn láìtan iná báyìí? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ látìgbà tí a ti ń sá kiri ńkọ́? Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ káfíńtà àfẹ́sọ́nà mi ni. O rántí pé ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn tó kú tí wọ́n sì dìde tí wọ́n ń rìn lọ́dún burúkú yẹn. Látìgbà tí wọ́n ti rí abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí wọ́n bu èèyàn jẹ mọ́, ọgbà ilé-iṣẹ́ bisikíìtì àtijọ́ ni wọ́n kó wọn sí, àwọn ẹbí sì lè lọ wò wọ́n ní Sátidé. Káfíńtà kì í pa Sátidé kan jẹ. Ó máa ń ya irun fún un. Obìnrin tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀! Bẹ́ẹ̀ ọ́fíìsì ìgbéyàwó ní àwọn ò lè so wá pọ̀ àfi tó bá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù pé ìyàwó òun ti kú. Oṣù mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù náà fi wà lórí tábìlì rẹ̀, lábẹ́ òòlù.

Mo fara dà á. Nígbà tó ní kí n bá òun rán gáùn kan fún àbúrò òun obìnrin, tayọ̀tayọ̀ ni mo fi gbà. Mo ní kí àbúrò wá kí n wọ̀n ọ́n, ó ní kò pọn dandan. Àyà, ìbàdí, gígùn apá, ó ka gbogbo rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ka àdúrà, títí dórí ìlàjì ìǹṣì. Èmi tí a ti jọ wà fún ọdún kan, bóyá ló mọ nọ́ńbà bàtà mi.

Sátidé tó kọjá, mo yọ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀rẹ́ mi, gáùn mi ni mo rí lọ́rùn òkú! Mo rán aṣọ fún orogún mi, mo tún fi bọ́tìnnì olówó ńlá sí i. Mo pariwo lẹ́bàá wáyà ọgbà títí ẹ̀ṣọ́ fi ní kí n rọra, pé mò ń dẹ́rù ba àwọn òkú. Mo ní kí káfíńtà mú ọ̀kan, èmi tàbí ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Aṣọ tèmi gan-an ti ń fẹ̀ mọ́ mi lára.

Kò jiyàn. Àná ló buwọ́ lu fọ́ọ̀mù náà níṣojú mi. Mo rò pé inú mi á dùn. Ó wá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ṣé kí n má lọ mọ́ ní Sátidé ni?"

Ẹnu mi ló ní kó máa lọ, àmọ́ a jọ máa lọ ni. Inú ṣì ń bí mi o, má tan ara rẹ jẹ. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti rù. Ìwọ̀n ìgbà tó wà láàyè ni ọkọ rẹ̀ há sórí, gáùn náà sì fẹ̀ níbàdí ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n á ní èmi ni mi ò mọ aṣọ rán. Mo ti kó abẹ́rẹ́ àti téèpù sí báàgì. Tí mo bá dín tirẹ̀ tán, káfíńtà á gba téèpù náà lọ́wọ́ mi níbẹ̀, á wọn èmi náà, á sì há a sórí.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Òjòwú Aránṣọ.