Mo Ti Yan Apá fún Ẹ̀rọ Bàbá Rẹ

Ògèrè,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 1984.

Olúdọ̀tun ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí, ìwọ àti Láídé ìyàwó rẹ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa nílé kò ní fi yín sílẹ̀ l'Ékòó, ẹ kò ní fi ẹsẹ̀ kọ níbi tí ojú ń ríran sí. Tí ẹ bá béèrè mi, ara le, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń ké bí mo bá dìde, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí mi ò ráyè tiẹ̀ rárá. Jókòó kí o tó ka ìyókù. Ṣé o ti jókòó? Ohùn bàbá rẹ tún wà lẹ́yìn àwo!

Jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. O mọ àwo tí bàbá rẹ kọrin sí l'Ékòó lọ́dún 1963, nígbà tí wọ́n jẹ́ olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹyọ kan ṣoṣo náà ló sì wà láyé. Láti ọdún mẹ́tàlá tí wọ́n ti lọ sọ́run, gbogbo ọjọ́ ìsinmi tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni mò ń gbé e sórí ẹ̀rọ wọn àtijọ́, tí màá jókòó tì í. Nígbà tí apá ẹ̀rọ náà, èyí tó gbé abẹ́rẹ́ dání, wá ń fò lórí àwo bí ọ̀pọ̀lọ́, mo fi òwú sín kọ́bọ̀ oníhò àtijọ́ mẹ́ta, mo so ó mọ́ apá náà lórí, ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Inú mi dùn pé mo gbọ́n.

Àfi bí mo ṣe rí i tí ìyẹ̀fun dúdú ń jáde lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ta obì, Olúdọ̀tun, ẹni tó bá sì rí ìyẹ̀fun lára obì kò ní bi ẹnikẹ́ni, ó mọ̀ pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Mo bá ṣe àwo náà bí a ṣe ń ṣe obì. Mo fi omi tútù wẹ̀ ẹ́, mo fi í síbòji kí omi rẹ̀ ro, mo fi ewé gbòdògí tútù wé e, mo tẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú obì yòókù. Mo sì gbàgbé, mo gbé apẹ̀rẹ̀ náà lọ sí Sábó ní Ṣàgámù! Àlàájì oníbàárà mi tó ń kó obì lọ sí Kánò ló tú u, tó ní irú obì wo lèyí. Díẹ̀ báyìí ló kù kí bàbá rẹ dé Kánò.

Ìgbà yẹn ni èsì ìwé tí mo kọ sí ọ nípa apá tó ń fò dé, pẹ̀lú àwòrán apá tuntun méjì tí a lè rà, tí o ní kí n lọ bá Fàsásì tó ń tún rédíò ṣe ní Ìjọkù. Ọmọlúàbí ni, ó bá mi dé ilé. Ó ní ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣì le, ó ń yí geere, apá àti orí kékeré tó gbé abẹ́rẹ́ dání ló ti darúgbó. Ó rí kọ́bọ̀ mẹ́ta, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó rí ewé gbòdògí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó ráyè sọ̀rọ̀, ó ní kòkòrò kankan ò sí níbẹ̀, ẹrù kọ́bọ̀ tí mo dì lé apá lórí ló mú kí abẹ́rẹ́ máa fá àwo, pé ohùn bàbá rẹ gan-an ni ìyẹ̀fun yẹn. Mo bú sẹ́kún lójú rẹ̀, mi ò tijú. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo fi ń gbá wọn síta pẹ̀lú pàǹtí! Ìwọ̀nba tó kù lẹ́nu abẹ́rẹ́ ni mo dì sínú bébà kékeré tó wà nínú ìwé yìí. Bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta apá bóyá wọ́n lè dá a padà sínú àwo. Tí o bá ń tú u, má ṣe tú u lẹ́bàá fèrèsé, má sì sín.

Ibi tí mo ti ń sunkún ni Fàsásì ti yí àwo náà padà láti nù ún, ló bá kígbe. Àwọn àwo yòókù ní bébà tí wọ́n kọ orúkọ orin sí láàárín, níwájú àti lẹ́yìn, èyí kò ní lẹ́yìn, gbogbo wa sì gbà pé òfìfo ni. Kì í ṣe òfìfo! Ìlà wà níbẹ̀ bí ebè tuntun, abẹ́rẹ́ kankan ò tíì tẹ ibẹ̀ rí. Mo ní kó gbé e sí i kíá. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí òun bá fi apá tó wà nílẹ̀ yìí gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa bà á jẹ́, àfi ká dúró de tuntun. Ṣé o rí i báyìí pé yíyan apá kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré mọ́?

O kọ ọ́ pé apá àti orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu, pé apá tó wúwo ń fẹ́ abẹ́rẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, èyí tó fúyẹ́ ń fẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ rírọ̀. Ó yé mi, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni, mo sì wádìí bí àgbà ṣe ń wádìí. Ìyá Ọláyídé aládùúgbò mi ní kí n mú èyí tó nípọn yẹn, pé ohun tó bá wúwo ló ń pẹ́. Mo wò ó lọ, mo wò ó bọ̀. Irú èyí, bó bá jẹ́ ọkùnrin, á máa na ìyàwó. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo yàn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ rírọ̀. Fàsásì ní ẹrù rẹ̀ lórí àwo kò ní tó ìdajì awẹ́ obì kékeré. Mo gé obì, mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, mo dijú, mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Mo ní òun ni.

Nǹkan méjì ló kù tó ń kọ mí lóminú. Nínú àwòrán, mo rí òwú kan tí wọ́n so nǹkan rogodo rọ̀ sí lára apá yẹn. Ọmọ mi, mo mọ ìfúnpá bí mo bá rí i, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì sì ni bàbá rẹ. Fàsásì ní kì í ṣe oògùn, pé òun ló ń di apá mú kó má baà sáré wọ àárín àwo. Mo ní iṣẹ́ oògùn náà kọ́ nìyẹn? Ṣùgbọ́n bí kò bá ṣeé yọ, gbé e bọ̀ bẹ́ẹ̀, màá gbàdúrà lé e lórí. Èkejì, ìwé tó bá àwòrán wá ní apá yìí ní onígbọ̀wọ́ fún ọdún méjì, wọn ò sì dárúkọ ẹni náà. Bá mi wádìí ilé tó ti wá. Fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ pé a ó fi ra apá náà nìyí, mo ti kọ ọ́ kún. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó ni ẹ̀rọ, orúkọ bàbá rẹ ni mo kọ, níbi tí wọ́n sì ti béèrè àdírẹ́sì rẹ̀, mo kọ itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì wa, Ògèrè, ìlà kẹta lápá ọ̀tún. Mo fi kún un pé kí wọ́n má gbé ẹrù lọ síbẹ̀.

Jọ̀wọ́, fi ogún náírà ránṣẹ́ sí mi, kí n fi ra aṣọ tí màá fi bo ẹ̀rọ, kí n sì rí nǹkan fún Fàsásì, nítorí kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Ra àgádágodo kan bọ̀ pẹ̀lú. Ìyá Ọláyídé ti ń pe èèyàn wá gbọ́ àwo náà, ó ti yan àga tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀ àfi ìwọ, ìwọ náà tún lè dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀.

Màá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀sẹ̀ tí bàbá rẹ lọ kọrin l'Ékòó, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀. Ohun tó fà á ti kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n gbé àwo náà lé orí tábìlì, wọ́n ní kí n gbọ́ ọ tán. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bi mí bóyá mo ti gbọ́ ọ tán. Mi ò tilẹ̀ tíì gbọ́ ọ rárá, inú ló ń bí mi. Mo ní mo ti gbọ́ ọ tán, mi ò gbójú sókè. Wọ́n dúró díẹ̀ sí i. Wọ́n ní kò burú, wọ́n sì jáde. A parí ìjà náà, a gbé pọ̀ ní àlàáfíà títí wọ́n fi lọ, ṣùgbọ́n wọn ò dárúkọ àwo náà mọ́ láé. Ó lè jẹ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì náà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà?

Tètè máa bọ̀, ọmọ mi. Ọ̀nà á là fún ọ, ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní já ọ sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, Láídé á fi ọwọ́ rẹ̀ gbé ọmọ pọ̀n. Kí Ọlọ́run mú apá náà dé ní odidi, kí Ó sì dá ẹ̀mí èmi náà sí títí yóò fi dé, kí n gbọ́ wọn tán, kí n lè dá wọn lóhùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Abígéèlì Adétúnbọ̀.